Òùngbẹ Kò Pa Á, Omi Ni Ó Pa Á: Ewéko Inú Ilé Láti Ọ̀yọ́ Dé Ògbómọ̀ṣọ́

Àṣà kan ti wọ àwọn ìlú wa ní àkókò yìí, ó sì dára lójú. Bí ènìyàn bá wọ pálọ̀ olùkọ́, tàbí ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ tó ẹnu, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ewéko kan nínú ìkòkò lórí tábìlì tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ó sì dà bí ẹni pé kò lè kú láé. Ṣùgbọ́n bí olúwarẹ̀ bá tún padà dé ilé kan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìkòkò nìkan ni yóò bá níbẹ̀, wọn a sì ti fi í ṣe ibi tí wọ́n ń kó bírò àti kọ́kọ́rọ́ sí. Bí a bá bi onílé léèrè, yóò dáhùn pé, "Mo ń bomi sí i lójoojúmọ́ o! N kò mọ ohun tí ó pa á." Bẹ́ẹ̀ ni ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó pa á.

Irú ewéko tí mo ń wí ni àwọn tí ń tọ́jú omi pamọ́ sínú ewé, sínú ìtí tàbí sínú gbòǹgbò wọn, de ọjọ́ ọ̀dá. Àlóè tí àwọn kan ń pè ní etí erin wà nínú wọn. Ọ̀dúndún wà nínú wọn, àbámọdá wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni rinrin àti ọjá ìkòokò. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, tí mo ń lọ kí ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo pinnu pé n óò máa fi ojú wá wọn kiri láti Ọ̀yọ́ títí dé ibi tí mo ń lọ, kí n lè mọ ibi tí wọ́n ti ń yè àti ibi tí wọ́n ti ń kú. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí, bóyá yóò ṣe ẹnì kan ní àǹfààní.

NÍ Ọ̀YỌ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Akẹ̀sán, ọjà ọba tí ó wà nítòsí ààfin. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí kì í ṣe Ọ̀yọ́ Ilé. Agọ́ Ọ̀jà ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Aláàfin Àtìbà ni ó sọ ọ́ di Ọ̀yọ́ láàárín ọdún 1830 sí 1840, nígbà tí ogun ti tú Ọ̀yọ́ Ilé ká. Iná jó ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ó sì sọkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n a ti tún ọjà náà kọ́, àwọn èrò sì ti padà.

Ní ibi tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ pàtẹ sí, mo rí ọ̀dúndún tí a dì ní ìdì kéékèèké, mo rí rinrin àti tẹ̀tẹ̀, mo sì rí àbámọdá tí a tò sórí ọ̀rá. Mo kí ìyá tí ó ni àtẹ, mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Níbo ni ẹ ti ń rí ọ̀dúndún yìí já?"

Ìyá wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, nígbà tí mo wà lọ́mọge, ẹnu ọ̀nà ilé wa ni mo ti ń já a. Nísinsìnyí, oko ni wọ́n ti ń gbé e wá fún mi. Ẹ ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ẹnu ọ̀nà yín tán, ẹ wá ń fi owó ra ohun tí ìyá yín ń já lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọ̀ mí létí, nítorí òótọ́ ni. Nígbà kan, ó ṣòro kí ènìyàn tó wọ agbo ilé kan kí ó má rí ọ̀dúndún ní ẹnu ọ̀nà tàbí lẹ́bàá ibi tí a ń gbé àmù sí. Ewé ẹ̀rọ̀ ni àwọn baba wa kà á sí. Bí a bá fi ọwọ́ kan ewé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tútù ni a óò bá a, nítorí omi ni ó kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ ṣàdúrà kí ilé ó tutù, kí ìlú ó tòrò. Ní Àkúrẹ́ pàápàá, ọba tí ó wà lórí oyè láti 1882 sí 1890 ń jẹ́ Ọ̀dúndún, Déjì tí ó gun orí ìtẹ́ ní 2015 sì mú orúkọ náà, ó di Ọ̀dúndún Kejì.

Àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun kò gbàgbé ewé náà. Ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní Bùràsíìlì, ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún ṣì ń pè ní ọ̀dúndún nínú ìsìn wọn, tí àwọn elédè Potogí sì ń pè ní ewé etíkun, èyíinì ni pé ewé láti etíkun Áfíríkà. Ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn odi rántí, ṣùgbọ́n àwa tí a wà nílé ń da sìmẹ́ńtì lé e lórí. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n hú u dànù nítorí wọ́n ní ohun ìbọ̀rìṣà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ewé ni. Ewé kò mọ irú àdúrà tí ẹnikẹ́ni ń gbà lórí rẹ̀.

N kò sọ pé kí a fọ́ sìmẹ́ńtì wa o. Ẹni tí ó bá ti gbé inú ẹrẹ̀ rí ni ó mọ oore sìmẹ́ńtì. Ohun tí mo ń wí ni pé bí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà bá ti tán, ìkòkò ni ó kù, inú ilé ni ó kù. Ẹni tí yóò bá sì gbé ewéko wọ inú ilé gbọ́dọ̀ mọ ìwà rẹ̀, bí a ti í mọ ìwà àlejò kí a tó tẹ́ ẹní fún un.

ÌWÀ ÀBÁMỌDÁ

Ọ̀yọ́ ni ìlú tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọdún 1896 tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Saint Andrew's ti kó dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀kọ́ díẹ̀ níhìn-ín kí a tó wọ mọ́tò.

Àbámọdá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Erékùṣù Madagascar, ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni ó ti wá, kí ó tó tàn ká gbogbo ilẹ̀ olóoru. Ó dé Íńdíà pẹ̀lú, níbi tí oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Benjamin Heyne ti ṣe àkíyèsí ohun ìyanu kan nípa rẹ̀. Nínú lẹ́tà rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1815, ó ní bí a bá tọ́ ewé náà wò ní òwúrọ̀ kùtù, ó kan, bí ẹni pé ewé ìṣápá ni. Bí ó bá di ọ̀sán, kò ní adùn kankan. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀.

Kí ni ó fà á? Àwọn ewéko mìíràn a máa ṣí àwọn ihò wínníwínní ara ewé wọn ní ọ̀sán láti gba afẹ́fẹ́ tí wọn yóò fi ṣe oúnjẹ. Nígbà tí ihò náà bá ṣí, omi ara wọn a máa bá ibẹ̀ jáde bí òógùn, pàápàá nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n àbámọdá gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ọ̀sán, òru ni ó ń ṣí i, nígbà tí ìta bá tutù. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gbà ní òru, a sọ ọ́ di omi kíkan, a fi í pamọ́ títí di àfẹ̀mọ́jú. Bí oòrùn bá yọ, a kó o jáde, a fi ṣe oúnjẹ, ìkan náà a sì lọ. Bí alájàpá tí ó ń kó ọjà lóru kí ó lè tà á lọ́sàn-án ni ó rí. Àlóè àti ọjá ìkòokò pẹ̀lú a máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ewéko yìí kì í náwó omi ní ìnákúnàá. Ẹni tí kì í náwó, kò yẹ kí a máa dá owó fún un ní àràárọ̀.

LÓRÍ ỌNÀ

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bí kìlómítà 50. Bí mọ́tò bá ti kúrò ní gáréèjì tí ó sì ti jáde nílùú, ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀dàn. Igi kò dí mọ́ra bí ti apá Ìbàdàn àti Oǹdó. Igi irúgbá àti igi ẹ̀mí dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín oko gbágùúdá àti oko àgbàdo, koríko sì gba ìyókù. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ní nǹkan bí oṣù kẹrin, a sì máa dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ọyẹ́ a dé, ètè a là, ilẹ̀ a sán.

Ní ibi kan tí awakọ̀ ti dúró kí àwọn èrò lè ṣánṣẹ̀, mo rí àpáta pẹlẹbẹ kan tí ó yọrí lẹ́bàá ọ̀nà. Òjò ti rọ̀ ní òru àná rẹ̀, ilẹ̀ oko tí ó wà nísàlẹ̀ ṣì rin gbingbin, ṣùgbọ́n orí àpáta ti gbẹ. Nínú pàlàpálá àpáta náà, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ kò ti ju ìka méjì lọ ní jíjìn, àwọn ewéko kan tí ewé wọn ki dúró níbẹ̀, wọ́n ń dán. Ẹ̀kọ́ tí ìwé gbogbo ń fi ojú ewé púpọ̀ kọ́ni ni àpáta yìí fi wákàtí kan ṣoṣo kọ́ mi. Ewéko yìí kò kórìíra òjò. Kí omi dúró sí i nídìí ni ó kórìíra. Òjò a rọ̀ sí i lórí bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n omi a ṣàn lọ, oòrùn a yọ, gbòǹgbò a gbẹ, a sì tún mí. Ẹni tí ó bá lè ṣe ìkòkò ilé rẹ̀ bí pàlàpálá àpáta, ewéko rẹ̀ kò ní kú.

Nínú àwọn abúlé mìíràn ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa, ènìyàn a rí oró tí wọ́n gbìn yí ọgbà ká kí ẹran má baà wọlé. Ẹlẹ́gùn-ún ni, ara rẹ̀ sì kún fún oje funfun. Òun pẹ̀lú ń tọ́jú omi sára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e wọ ilé tí ọmọdé wà. Oje rẹ̀ a máa jó ara, bí ó bá sì ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú. Ìdí ọgbà ni kí ó máa gbé.

Nígbà tí a ti kọjá odò Ọbà, tí ìtàn sọ pé aya Ṣàngó ni, tí a sì ti ń sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ta òdòdó àti igi eléso lẹ́bàá ọ̀nà, nínú ọ̀rá dúdú. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ewéko kan hàn mí tí ewé rẹ̀ nà sókè ṣóńṣó bí idà, tí ó ní ilà-ilà bí awọ ejò, tí etí ewé rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyin adìyẹ. Ewéko ejò ni àwọn tí ń tà á ń pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, tòyìnbó nìyí o," ni ó wí. "Ó máa ń fa afẹ́fẹ́ burúkú kúrò nínú ilé."

Ọ̀rọ̀ méjì ni ọmọkùnrin yìí sọ, méjèèjì ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́, ewéko náà kì í ṣe tòyìnbó. Inú igbó ilẹ̀ wa ni ó ti wá, láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò. Àwọn òyìnbó ni ó gbé e lọ, wọ́n fi í ṣe ọ̀ṣọ́ fèrèsé wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ ní ahọ́n ìyá ìyàwó, nítorí pé ó gùn, ó sì mú! Ọjá ìkòokò tí àwọn àgbà wa mọ̀ nínú igbó jẹ́ ìbátan rẹ̀ gan-an. Àwọn onímọ̀ ewéko òde òní sì ti kó àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ìdílé pèrègún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìbátan pèrègún ni a wá ń fi owó ńlá rà gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n tiwa, òde ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ilé wa bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì, ti afẹ́fẹ́. Ní 1989, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ NASA ní Amẹ́ríkà gbé irú ewéko báyìí sínú àpótí tí a dé pa, wọ́n sì rí i pé èéfín kẹ́míkà inú rẹ̀ dínkù. Láti ibẹ̀ ni òkìkí náà ti kàn. Ṣùgbọ́n ilé wa kì í ṣe àpótí. Ní 2019, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Drexel, ní Philadelphia, kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì ní kí ewéko tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé tí ń jáde ń ṣe, ó kéré tán yóò tó ìkòkò 10 lórí mítà kan níbùú lóòró. Ta ni yóò ráyè dùbúlẹ̀ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀? Ẹ ra ewéko nítorí ẹwà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ rere, ẹ ṣí fèrèsé.

NÍ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Ṣọ̀ún, kì í ṣe ìlú tí a ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ní 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1898, Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá sì dé ní 1990, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo rò pé ní irú ìlú báyìí, ewéko inú ilé kò ní jìyà.

Ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ìyá tí ó ni ín to áńkárá àti léèsì dé òkè àjà. Ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn aṣọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, ewéko ejò kan wà nínú ìkòkò funfun tí ó ń dán gbinrin. Ewé méjì ti ṣubú, ìdí wọn sì rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù.

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ń bomi rin ín?"

"Àràárọ̀ ni, Tíṣà. Bí mo bá ti ń wọ́n omi sílẹ̀ kí n tó gbálẹ̀, mo máa ń bu tirẹ̀ sí i. Ohun ẹlẹ́mìí ni, a kì í fi omi dù ú."

Inú rere ni ìyá fi ń ṣe é. Mo tọrọ àyè, a gbé ìkòkò náà dání, a sì yẹ ìdí rẹ̀ wò. Kò ní ihò rárá. Nígbà tí a yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi dúdú ṣàn jáde, ó ń rùn bí omi ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún fùfú. Gbòǹgbò ti rà tán. Ìyá fi ọwọ́ bo imú. Ó ní, "Ṣé omi tí mo ń fún un yìí ni ó pa á?" Mo ní, "Ìyá, àṣejù ni. Ẹni da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ewéko yìí kì í fẹ́ tẹ ilẹ̀ tútù fún ìgbà pípẹ́." A rẹ́rìn-ín. A gé ewé mẹ́ta tí ó ṣì le, a tọ́jú wọn fún gbígbìn, bí n óò ti ṣàlàyé láìpẹ́.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ilé bàbá olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì. Lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, níbi tí oòrùn òwúrọ̀ ń tàn sí, ìṣaasùn àtijọ́ tí ó lu nídìí ni ó tò sílẹ̀, ọ̀dúndún nínú ọ̀kan, àlóè nínú ọ̀kan, àbámọdá nínú àwọn ìyókù. Gbogbo wọn ni ó ń yọ ọmọ. Mo bi bàbá pé ìgbà wo ni wọ́n ń bomi rin wọ́n. Bàbá ní, "Ìgbà tí mo bá rántí ni. Mo sì ti darúgbó, n kì í tètè rántí."

Ẹ̀yin ará, èyí ni olùtọ́jú ewéko tí ó mòye jùlọ tí mo bá pàdé ní gbogbo ìrìn-àjò náà.

BÍ A TI Í TỌ́JÚ RẸ̀

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ fún ẹni tí yóò bá ṣe é.

Èkíní ni ìkòkò. Ìkòkò amọ̀ ni ó dára jù, nítorí ara rẹ̀ ń mí, omi sì ń bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbẹ. A ń rí wọn rà lọ́jà wa, àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin tí ó wà níwájú Ògbómọ̀ṣọ́ sì gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ike pẹ̀lú kò burú. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí a bá lò, ó gbọ́dọ̀ ní ihò nídìí. Kí ìkòkò má sì tóbi ju ewéko lọ, nítorí iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ a máa di omi púpọ̀ mú. Bí a bá fi àwo sábẹ́ rẹ̀, kí a máa da omi inú àwo náà nù.

Èkejì ni iyẹ̀pẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ẹ̀yìnkùlé nìkan kò dára, nítorí ó ń di omi mú. Ẹ bu ìwọ̀n kan iyẹ̀pẹ̀ ọgbà, ìwọ̀n kan iyanrìn odò tí kò kúnná jù, àti ìwọ̀n kan òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èédú tí a fọ́. Ẹ pò wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá bu omi sí i, tí omi sì jáde nídìí ìkòkò kí ẹ tó ka ení dé ogún, ó ti ṣe é nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni omi, òun sì ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹ ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bu omi sí i dáadáa títí yóò fi jáde nídìí, kí ẹ sì tún gbàgbé rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, èyí lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì síra wọn. Nígbà òjò, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, ara afẹ́fẹ́ tutù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewéko ejò sì lè pé oṣù kan. Ìka ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Rinrin nìkan ni ó yàtọ̀ nínú wọn: ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, ibi tútù àti ìbòòji ni ó fẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí tirẹ̀ gbẹ.

Ẹ̀kẹrin ni ìmọ́lẹ̀. Ewéko tí a fi sí kọ̀rọ̀ a máa gùn tẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa tẹ̀ síhà ibi tí ojúmọ́ wà, bí ọmọdé tí ń yọjú wo òde. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé, pàápàá èyí tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ewéko ejò lè fara da òkùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n fífara dà kì í ṣe ìgbádùn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ewéko inú ilé lọ sí oòrùn gangan, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí oòrùn má baà jó ewé rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, eruku ọyẹ́. Ẹ fi aṣọ tí a rin sómi nu ewé àlóè àti ti ewéko ejò, nítorí eruku a máa dí wọn lójú. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú ní abiyá ewé, kòkòrò ni. Ẹ ti òwú bọ inú sípíríìtì, kí ẹ fi nù ún kúrò. Bí èèrà bá ń tò lọ tò bọ̀ lára ìkòkò, ẹ wá kòkòrò náà dáadáa, nítorí èèrà a máa dà wọ́n bí Fúlàní ti ń da màlúù, adùn tí ó wà lára wọn ni ó ń lá.

Ní ti bíbísí i, àbámọdá kò ní wàhálà. Ẹ já ewé kan, ẹ fi lé orí iyanrìn tí ó rin díẹ̀, ọmọ yóò yọ ní etí ewé náà. Ẹ̀kọ́ tí kò náni ní kọ́bọ̀ nìyí fún àwọn ọmọ kíláàsì. Àlóè a máa bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kí ẹ yọ ọmọ náà ti gbòǹgbò ti gbòǹgbò. Ewéko ejò, ẹ gé ewé rẹ̀ sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó ti ìdí rẹ̀ bọ iyanrìn. Ẹ má dojú rẹ̀ dé, kò ní hù. Kí àwọn tí ń tà á sì mọ èyí: bí a bá fi ewé gbin oríṣi tí etí rẹ̀ pọ́n, ọmọ tí yóò yọ kò ní ní etí pípọ́n mọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ pín.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ewúrẹ́ àti ọmọdé máa jẹ àwọn ewé yìí. Àbámọdá àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní májèlé tí ń mú ọkàn ẹran, màlúù sì ti kú nípasẹ̀ irú wọn ní Ọsirélíà. Oje pupa rúsúrúsú tí ó wà lábẹ́ èèpo àlóè a máa ṣu ènìyàn gidigidi, kí aláboyún má ṣe mu ún. Bí etí ọmọ bá ń dùn ún, tàbí ìwọ́ ọmọ tuntun kò bá jiná, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, kì í ṣe ìdí ìkòkò òdòdó.

Bí ẹ bá ń kọjá lọ́dọ̀ àgbà kan tí ọ̀dúndún ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ tọrọ ẹ̀ka kan kí sìmẹ́ńtì tó dé ibẹ̀. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tí ó lu nídìí, ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé. Kò béèrè owó, kò béèrè ajílẹ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ dáwọ́ omi dúró.